Ibi Tó Móoru ní Manchester

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ ní kí n má kàn máa ṣiṣẹ́ ṣáá, kí n máa gbafẹ́. Mò ń gbafẹ́ gan-an báyìí! Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí n lọ sinmi ná níbi iṣẹ́, kò sí mùsíọ́mù tàbí ilé olówó àtijọ́ tí mi ò tíì wọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì móoru ju yàrá mi lọ.

Lánàá, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Ẹ má sọ fún Bàbá o, mo kàn lọ wòran ni. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Màmá arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rí ìbọ̀sẹ̀ mi tó ti lu, kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi jókòó ti hítà, ó gbé tíì àti búrẹ́dì fún mi. Bíi tiyín gẹ́lẹ́, kò béèrè nǹkan kan títí mo fi jẹun tán.

Ẹ bá mi kí Toheeb àbúrò mi. Ẹ má dààmú nípa òtútù. Ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ni wọ́n máa ń tilẹ̀kùn mùsíọ́mù. Ọjọ́ náà ni àárò yín máa ń sọ mí jù.

Èmi Azeemah yín