Omi Pọ́ńdì Màmá Fúnkẹ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ibafo níbí. Màmá mi ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ ńkọ́?

Bàbá, ẹ ní kí n palẹ̀ mọ́ kí n máa bọ̀ n'Ísẹ́yìn, pé ta ló ń ta òdòdó nínú irú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Mo gbọ́ yín, àmọ́ mi ò tíì ní bọ̀. Ọwọ́ mi ti ba iṣẹ́ náà.

Lóòótọ́, oòrùn ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Kànga ilé wa gbẹ pátápátá, omi táńkà tí mo ń rà kò sì ju ká fi dáná ká fi wẹ̀ lọ. Àwọn òdòdó mi tó wà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Tí àwọn ará ilé bá ti ilẹ̀kùn wọn nírọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mo máa ń jókòó síta, tí àárò yín á máa sọ mí.

Màmá Fúnkẹ́ ló ń gbé ilé kejì sí wa. Ọkọ wọn tó ti kú ló gbẹ́ pọ́ńdì kan sínú ọgbà, ó kó ẹja aláràbarà sí i. Omi rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, àwọn ọmọ wọn sì ní kí wọ́n dí i pa nítorí ẹ̀fọn. Bíríkìlà ti já yanrìn sílẹ̀ kí n tó gbọ́. Mo sáré lọ bẹ Màmá Fúnkẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa bu omi rẹ̀ rin òdòdó mi. Wọ́n ní omi ìdọ̀tí yẹn á pa òdòdó. Mo ní ìgbẹ́ ẹja gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ ẹja ọkọ àwọn kò gbọdọ̀ kú o.

Kò pẹ́ tí mo ń bù ú, ewé tuntun yọ. Àfi bí mo ṣe débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí àwọn ẹja tí wọ́n ń yanu lójú omi. Mo gbé garawa sílẹ̀, mo lọ sọ fún Màmá Fúnkẹ́ pé omi ti lọ sílẹ̀ jù, mi ò ní bù ú mọ́, bí òdòdó mi tilẹ̀ máa kú. Wọn ò bínú. Wọ́n ní láràárọ̀ ni ọkọ àwọn máa ń fi omi ẹ̀rọ ilé àwọn tí kì í gbẹ kún un, pé látìgbà tó ti kú, àwọn ò lè wo ibẹ̀. Ni wọ́n bá fúnra wọn fa rọ́bà láti ìdí ẹ̀rọ wá sínú pọ́ńdì.

Ní báyìí, omi tuntun ń wọlé sọ́dọ̀ ẹja, èyí tó ti dọ̀tí ń lọ sídìí òdòdó mi. Àwọn oníbàárà ti ń yà láti Arepo. Nígbà tí bíríkìlà padà dé, Màmá Fúnkẹ́ ní kó fi yanrìn rẹ̀ mọ ìjókòó sẹ́bàá pọ́ńdì, kó fẹ̀ tó ènìyàn méjì. Ibẹ̀ la jókòó sí nírọ̀lẹ́ àná, tí wọ́n ń sọ orúkọ tí ọkọ wọn sọ ẹja kọ̀ọ̀kan fún mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò tètè dé oko yín, kó sì fi ara líle jíǹkí Màmá mi. Ẹ bá mi kí tẹbí tará.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́