Ìwé Tí Àwọn Wolé-wolé Lẹ̀ Mọ́ Ilé Bàbá

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ, onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ìlú ńlá, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ kí, èmi gan-an ni mo ń kọ ìwé yìí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òjò ò rọ̀ lé ọ lórí lórí ibùsùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àjà já lù ọ́. Ara wa le níbí, ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ wa ti bímọ, àbúrò rẹ obìnrin sì ń gbọ́n sí i lójoojúmọ́, ó tún ń lẹ́wà.

Mo rí àwòrán ìwé tí àwọn wolé-wolé ìjọba lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé mi tí ò ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́, tí ayálégbé ìsàlẹ̀ yà ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo yí fóònù náà dà kí n lè ka ẹ̀yìn ìwé, àfi ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. Wọ́n ní koríko ti bo fèrèsé, gọ́tà ti dí, páànù ti ṣí, ilé náà ń sọ àdúgbò di ahoro, bí a ò bá sì tún un ṣe kí oṣù yìí tó parí, àwọn á tì í pa. Ọmọ mi, inú mi dùn. Wọ́n ní léraléra ni ọ̀gá wọn ń wá wò ó, tó ń fi téèpù wọn ògiri. Ta ló ń wọn ohun tí kò wù ú? Títì tí wọ́n fẹ́ tì í yẹn náà, oore ni, torí o kì í rántí ti ilẹ̀kùn. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá wa ṣọ́ ilé. Ṣáà gba kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ wọn. Koríko tó ga tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ dára, gbin àgbàdo sí i.

Fi owó bàtà ránṣẹ́ sí mi. Dúdú ni kó jẹ́, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, kó ní òdòdó níwájú. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ló fà á. Má gbé owó náà gba báńkì, mi ò mọ ẹni tó ń sùn tì í níbẹ̀. Fi rán awakọ̀ sí àbúrò rẹ, òun nìkan ló ṣeé fọkàn tán nílé yìí.

Ilé tí ìwọ náà máa kọ́ kò ní jò bíi tèmi.

Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, èmi àbúrò yín ni mo kọ gbogbo èyí. Bàbá ò tíì rí nǹkan kan, ọwọ́ mi ni fóònù rẹ̀ wà. Lánàá ó ṣì ń sọ fún onígbàjámọ̀ pé ilé òun funfun báláú, pé ọmọ òun ń kùn ún lọ́dọọdún. Tó bá rí àwòrán yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ó máa wá gun òrùlé yẹn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé koríko, ẹ kan páànù, kẹ́ ẹ ya ilé náà ránṣẹ́ sí mi. Bí oṣù bá parí tí mi ò rí i, màá gbé fóònù fún Bàbá.

Ní ti owó bàtà, ti bàtà tí kò tóbi ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ Bàbá kọ́.