Ẹẹ́rìndínlógún Tí Mo Gbẹ́ Sára Mábù

                                        Ilé Iṣẹ́ Agbẹ́kùúta,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Òpópónà Kejì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, alájọjókòó mi lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé, mo kí tọmọdé tàgbà. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara ti ń tù wọ́n lẹ́yìn ìbímọ? Àlejò tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Orúnkún Màmá ńkọ́? Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n yéé gun àkàsọ̀ láti lọ wo òrùlé. Òrùlé náà kò ní sá lọ. Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn? Ní tèmi, ara mi le. Àtàǹpàkò mi nìkan ni mo fi òòlù gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ń jinná, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ìkọ̀wé mi tún burú ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé o ti di tíṣà kíláàsì kẹrin nílé ìwé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á débi tí o ti sọ pé nọ́ńbà Róòmù ni o fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn, mo gbé lẹ́tà náà kalẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá mi fi béèrè bóyá orí mi pé. Kí o tó la ẹnu sí àwọn ọmọ ọlọ́mọ, jọ̀wọ́, kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ nọ́ńbà yẹn.

O rántí ọjọ́ tí Tíṣà Ọlọ́wọ́-Òsì kọ ọ́ sára pátákó. Ó ní I ni oókan, V ni aárùn-ún, X ni ẹẹ́wàá. Ó ní bí kékeré bá tẹ̀lé ńlá, ká rò ó pọ̀. Bí kékeré bá wà níwájú ńlá, ká yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Mo nawọ́, mo béèrè bóyá àwọn ará Róòmù kò ní nọ́ńbà tiwọn ni wọ́n fi ń yá lẹ́tà ìwé ka owó. Ìbéèrè ni mo béèrè. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ èmi ni Tíṣà lé jáde pé kí n lọ tu koríko lẹ́yìn kíláàsì, ọjọ́ yẹn náà ló sì sọ mí ní Olóríkunkun. Ohun tó kọ́ yín lẹ́yìn tí mo jáde, n kò mọ̀ ọ́n. Ìdajì tí mo gbọ́ ni mo gbé wá sí ìgboro.

O mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe níbí. Orúkọ òkú ni, ìpìlẹ̀ ilé ni, àkọlé ẹnu ọ̀nà ni, gbogbo ohun tí èèyàn bá fẹ́ kó pẹ́ láyé ju òun fúnra rẹ̀ lọ, àwa la máa ń gbẹ́ ẹ sára òkúta. Ọ̀gá mi mọṣẹ́, ó sì láàánú. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò mọ bí a ṣe ń sọ fún oníbàárà pé rárá. Bí obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá ogún ṣe dé nìyẹn, tó ní ká bá òun gbẹ́ nọ́ńbà sára pèlébé mábù, kóun kàn án mọ́ ara ilẹ̀kùn.

"Nọ́ńbà lásán kọ́ o," ó wí. "Ti Róòmù ni mo fẹ́. Ilé ìwòsàn ló ń kọ nọ́ńbà lásán."

Ọ̀gá ní kò sí wàhálà. Nígbà tí obìnrin náà ti jìnnà dáadáa ló yíjú sí mi. "Olóríkunkun, ṣé o mọ nǹkan tó ń wí yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ó dáa. Èmi mọ̀ ọ́n dé méjìlá. Ibi tí aago ògiri bá parí sí, ibẹ̀ ni tèmi parí sí."

Ló bá ní èmi nìkan ni kí n ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní bí oníṣẹ́ bá gbà á láìbá wa jà, òun á fún mi ní òòlù. Má fojú kékeré wo òòlù yẹn o. Nílé iṣẹ́ wa, òòlù yíyá ni ọmọ iṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí Ọ̀gá bá já tuntun lára ìṣó fún ọ, tí o gbẹ́ nọ́ńbà rẹ sára igi ìdìmú rẹ̀, ọjọ́ náà ni o kúrò ní ọmọ iṣẹ́, tí o di òṣìṣẹ́ tó ń gbowó. Èmi ló kàn, ìkẹtàdínlógún tó máa gbà á. Òòlù náà ti ń wò mí láti orí ìṣó láti ọdún tó kọjá, èmi náà sì ń wò ó.

Mo gbẹ́ I títí dé XII bí mo ṣe ń wo aago. Ẹẹ́tàlá àti ẹẹ́rìnlá kò fún mi níṣòro, X la ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ká tó fi ìyókù lé e. Nígbà tó kan márùndínlógún, mo sinmi, mo ronú. Mo fẹ́ kó yé ọ pé n kò fojú díwọ̀n. Mo bi ara mi pé kí là ń pè é? Márùndínlógún. Aárùn-ún ló dín nínú ogún. Ogún ni XX, aárùn-ún ni V, kékeré tó bá sì wà níwájú ńlá, Tíṣà ní ká yọ ọ́. Mo gbẹ́ VXX. Ẹẹ́rìndínlógún di IVXX, ẹẹ́tàdínlógún di IIIXX, eéjìdínlógún di IIXX, oókàndínlógún di IXX. Gbogbo rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Mo rò ó lọ́kàn mi pé èèyàn gidi ni àwọn ará Róòmù yìí, àfi bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá kọ́ṣẹ́. Mo kun ọ̀dà wúrà sí ojú ibi tí mo gbẹ́. Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó ní ó mọ́.

Ìyá Olótẹ́ẹ̀lì náà gbà á. Ó ka gbogbo rẹ̀ lójú wa, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, mo sì mọ̀ pé kò ka ìkankan. Ó ní ó jọ ti ààfin. Ọ̀gá ní kí n ṣe sùúrù kí wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì náà tán, òòlù á wá di tèmi.

Lọ́jọ́ tí mo lọ fi súkúrù dè wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn, obìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Màmá Oníbẹ́ẹ̀dì, dúró tì mí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú, ṣé ẹni tó kàwé gan-an nìkan ló lè ka nǹkan yìí ni? Mo ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Háà," ó wí, "ó dín ni wọ́n ń sọ. Ẹ ò ṣe tètè sọ bẹ́ẹ̀?" Kó tó di ọ̀sán, alásè mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń fọ aṣọ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé Róòmù ni wọ́n bí wọn sí.

Ayé ìbá rọrùn bí Ìyá Olótẹ́ẹ̀lì kò bá pe Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá síbẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, èdè àwọn ará àtijọ́ ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kọ 16 sí lára. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó padà, ó tún lọ. Màmá Oníbẹ́ẹ̀dì fi IVXX hàn án. Ó ní òun kò ní sùn nínú yàrá tí kò sí láyé.

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe èmi àti Ọ̀gá nìyẹn. Ojú Ìyá Olótẹ́ẹ̀lì le kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n na ìka sí ilẹ̀kùn, ó wo Ọ̀gá mi láti òkè délẹ̀, ó ní, "Irú ọ̀gá wo ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nírú èyí?"

O mọ̀ pé n kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n dákẹ́. Mo bọ́ síwájú. "Ẹ má bú Ọ̀gá mi, sà. Wọn kò kọ́ mi. Dé méjìlá ni wọ́n mọ̀ ọ́n, dé méjìlá kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Tèmi ni ìyókù."

Mo rò pé mo gba Ọ̀gá sílẹ̀ ni. Nígbà tí à ń lọ sílé ló bi mí bóyá dandan ni kí n kéde méjìlá yẹn níwájú gbogbo ayé.

Mo wá yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí lẹ̀ ń pe nọ́ńbà yàrá yín?"

"Ẹẹ́rìndínlógún."

"Mélòó ló dín?"

"Mẹ́rin."

"Nínú kí ni, sà?"

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò bínú mọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. "Ọmọ mi," ó wí, "ìṣirò rẹ dára. Ṣùgbọ́n aṣọ oníaṣọ lo yá wọ̀, o wá mú sísọ́ọ̀sì, o ń gé e sí ìwọ̀n ara rẹ. Àwọn tó ni ín, X ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀, wọ́n á fi V lé e, wọ́n á fi I lé e. Níwájú V tàbí X, I kan péré ni wọ́n máa ń yọ. Èèyàn tó ń yọ ẹẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìyá rẹ̀ ló ti mú un wá." Ó fi ìka kọ XVI sára ògiri fún mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ìyá Olótẹ́ẹ̀lì ní òun ti rí àṣìṣe náà láti ọjọ́ kìíní, ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kóun sọ̀rọ̀. Ọ̀gá rọra gbá mi ní ìgúnpá pé kí n bẹ̀bẹ̀. Mo ní mo lè tún un gbẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún ìṣirò tó ṣe wẹ́kú, kò sẹ́ni tó kú. Nígbà tá a délé iṣẹ́, Ọ̀gá kàn wo òòlù orí ìṣó, ó wò mí, ó lọ jókòó. Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí wọra.

Mábù kì í ṣe ohun tí à ń jù nù. Mo yí pèlébé márààrún dà, mo gbẹ́ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n sí ẹ̀yìn wọn. XVIII nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí; gbogbo igi yẹn kò fẹ́ wọlé. Bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n títí mo fi parí rẹ̀. Ó jáde wá wò ó, ó mi orí, ó wọ yàrá rẹ̀ tó ti wá wà láyé.

Láti ìgbà náà ni òtẹ́ẹ̀lì kò ti fara rọ mọ́. Màmá Oníbẹ́ẹ̀dì á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì á wà lórí rẹ̀, á máa fi ìka ka igi. Ó ka XVII sí XVIII, ó ṣílẹ̀kùn bá ọkùnrin kan tó ń wẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó tuntun kan jẹ ẹyin tí wọn kò béèrè fún. Tíì Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ tó fi wà níbẹ̀, yàrá ẹlòmíì ló ń lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó lè kà á. Ó lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú lórí nọ́ńbà àti ìbínú lórí tíì.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Ìyá Olótẹ́ẹ̀lì yọ sí wa. Kò jókòó. Ó ń wo òkúta tó wà nílẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ yí i padà," ó wí.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin náà ti wá gbà pé mo tọ̀nà, mà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ yí i padà. Bí Bàbá yẹn bá tún ń bọ̀, màá ránṣẹ́. Ẹ wá yí i sí tiwọn. Tí wọ́n bá ti lọ, ẹ yí i sí tiwa."

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń gbẹ́kùúta, òun kò rí iṣẹ́ tí oníṣẹ́ gba iwájú rẹ̀, tó tún wá gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dìde, ó já òòlù lára ìṣó, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Kọ nọ́ńbà rẹ sí i. Bó o bá fẹ́, ti Róòmù. Bó o bá fẹ́, tìẹ."

Mo jókòó tì í pẹ́. XVII tọ̀nà, mo mọ̀. IIIXX wù mí, mo tún mọ̀. Mo ti gbé irin lé e kí n tó gbójú sókè, mo rí Ọ̀gá tó na ọrùn láti wo ohun tí mo fẹ́ gbẹ́, òun tí ìwé rẹ̀ parí sí ibi tí aago parí sí. Mo gbẹ́ 17. Ó kà á sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní, "Èyí yé mi."

Nítorí náà, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ni kí o kọ́ àwọn ọmọ yẹn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá di ẹẹ́rìndínlógún, rìn yíká, wo inú ìwé wọn. Ọmọ kan á ti kọ tèmi. Fi ìlà pupa sí i, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n má lé e jáde. Jẹ́ kó jókòó gbọ́ ìdajì tó kù.

Bá mi kí ìyàwó wa, kí Màmá, kí Bàbá, kí rédíò wọn pẹ̀lú. Bí o bá rí Tíṣà Ọlọ́wọ́-Òsì, kí wọn dáadáa fún mi. Sọ fún wọn pé koríko tí wọ́n ní kí n tu lẹ́yìn kíláàsì ti hù padà. Ara ilẹ̀kùn márùn-ún ló hù sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà, lójú tàbí lẹ́yìn,

Olóríkunkun.