Máàkì Tí Bàbá Rẹ Gbà Ní Ilé Ìwòsàn

Moríyọ̀ ọmọ mi,

Kí oòrùn tó yọ lójoojúmọ́, omi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé kaná. Mo máa ń bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo máa ń ti ìka bọ̀ ọ́ wò títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́wọ́, nígbà náà ni mo máa ń tú aṣọ tí a fi di ẹsẹ̀ bàbá rẹ, tí n óò máa fi òwú nu egbò náà díẹ̀díẹ̀, tí àwọn náà yóò máa ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ dúńbú. Ìdí omi yìí ni mo ti máa ń ṣàdúrà fún ọ, pé kí Olúwa ṣọ́ ọ ní Oǹdó, kí ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ má sùn gbàgbé. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa tí a wà ní Ìjàrè ń mí.

Àdá ló ṣá bàbá rẹ lẹ́sẹ̀ lóko kòkó. Ní ilé ìwòsàn Àkúrẹ́, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fún wa ní oògùn àti ìwé kan. Èmi fúnra mi ni mo ka ìwé náà! O mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí torí mi ò tíì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní máàkì. Ìwé náà ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, láti mẹ́rin dé mọ́kànlá. Bàbá rẹ gba mẹ́rìndínlógún! Èmi tí mo gba méje nínú mẹ́wàá, mo kúnlẹ̀ kí wọn.

Bàbá rẹ kó oògùn sínú àpótí, wọ́n ní ẹni tó ti yege, kí ló tún fẹ́ fi oògùn ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n tiro gbé iṣu ọpẹ́ lọ síwájú pẹpẹ. Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n yà kí Akíntóyè aládùúgbò wa, tó gba márùn-ún péré nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kó má sunkún, kó tún gbìyànjú. Akíntóyè ní ẹni tó gba márùn-ún ń ti oko bọ̀, ẹni tó gba mẹ́rìndínlógún ló ń tiro yìí. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, torí ẹsẹ̀ náà ti wú, ó sì ń gbóná bí ààrò.

Mo mú ìwé náà lọ bá Nọ́ọ̀sì Monílọ́lá lẹ́yìn ilé wa. Ó ní Ìyá, kì í ṣe máàkì o. Ó ní ọmọ ogun ara ni sẹ́ẹ̀lì funfun wọ̀nyẹn, bí àrùn bá wọ egbò ni ara ń pe púpọ̀ sí i jáde, àti pé kí dókítà tètè tún ẹsẹ̀ náà wò. Bàbá rẹ ní bí ọmọ ogun bá ti pọ̀ tó yẹn, kí wọ́n máa jà ná, kí ni ti oògùn? Mo bi wọ́n pé ìlú wo ni wọ́n ti rí i tí àlàáfíà wà, tí ṣọ́jà kún ìgboro? Wọ́n ṣí àpótí fúnra wọn, wọ́n sì gbé hóró méjì mì.

Owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi, ti abẹ́rẹ́ ni kò sí. Jọ̀wọ́, fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ṣùgbọ́n má fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, fóònù náà kéré. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò gún lábẹ́rẹ́.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni a ó wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ́la. Bí dókítà bá wo ẹsẹ̀ náà tán, mo fẹ́ bi í léèrè ibi tí wọn yóò kó ọmọ ogun mẹ́rìndínlógún yẹn lọ bí ogun bá parí. Ṣọ́jà tí kò rí ogun jà mọ́, àwa àgbà ilẹ̀ yìí mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ bàbá rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Wúrà