Ẹní Ọwọ́ Egbére

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, inú ló ń bí mi.

Ilé iṣẹ́ wa tó ń ṣe káàdì eré ní kí n tún egbére tí mo yà sórí káàdì wọn yà. Ọ̀gá ní, "Májẹ́kódùnmí, ta ni yóò ra iwin tó ń sunkún? Gba ẹní ọwọ́ rẹ̀, kó o fún un ní idà." Mo ní ọmọdé ìlú wa, Bọ́lọ́rundúró, kò jẹ́ ya egbére láìsí ẹní. Ó rẹ́rìn-ín, mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹlòmíràn fi idà sí i, wọ́n sì fi orúkọ mi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀!

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ náà mọ́, mo ń sùn dáadáa láàárọ̀ báyìí. Ẹ sọ fún Ìbídùnní ìyàwó mi kó má tíì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ láti wá bá mi. Ẹ bá mi kí ará ilé ní Oǹdó.

Ọmọ yín