Ọjọ́ Kẹjọ Oṣù Kejì Ni Ìyá Mi Wọlé

Ẹ kú ilé o, Bàbá Kékeré. Ẹ kú ìmúra ìyàwó, ẹ kú ojú lọ́nà. Ràfíátù ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ló ń kọ̀wé yìí láti Ìlú Ọba. Mo kúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àbúrò bàbá mi ni yín, bàbá mi sì ti kú, ẹ̀yin ni mo wá ń pè ní bàbá. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, orókún mi nìkan ló kúnlẹ̀. Inú ń bí mi. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí inú ti ń bí mi, bí mi ò bá sì sọ ọ́ síta, àìsàn ni yóò dà sí mi lára.

Mo kí Màámi nínú yàrá tí wọ́n ti ara wọn mọ́. Mo kí ìyàwó yín, Màmá Kúdí, tí kò ṣẹ̀ mí. Mo kí Sódíìkì àbúrò mi, ọkọ ìyàwó. Mo kí gbogbo ilé ní Ìjòkú, àgbà àti ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo yín lẹ̀ ń ka lẹ́tà yìí, torí orí wáàsáàpù ẹbí ni mo gbé e sí. Mo sì ti ní kí Sódíìkì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí Bàbá Kékeré lẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi lọ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn náà la ti ń dá a lóhùn.

Bàbá Kékeré, ẹ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí ẹ ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pé ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì wo? Ilé tí wọ́n ń kó ẹja àti ẹran dídì pamọ́ sí ni. Jákẹ́ẹ̀tì méjì ni mo ń wọ̀ lé ara wọn, mo gé orí ìka ìbọ̀wọ́ mi kí n lè rí ọwọ́ tẹ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ mi ni láti kọ ọjọ́ tí ẹrù dé àti ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá sínú ṣíìtì orí kọ̀ǹpútà, tábìlì gbọ̀ọ̀rọ̀ tó kún fún àpótí kéékèèké. Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́ tiwa tó kàn ń mú ètè gbẹ, inú egungun ló ń gbé. Tí mo bá sì jáde, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá ni yóò pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi já. "Ráàfù" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní Àṣàkẹ́, Màámi ni, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ní ti owó, mi ò ní fẹnu bà á nínú lẹ́tà yìí, kí ẹ má baà sọ pé owó ló ń gùn mí.

Jímọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, Màámi ò pè mí. Èmi ni mo pè wọ́n. Wọ́n gbé e. Wọ́n bi mí pé kí làwọn fi ṣe mí tí mo fi kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa àwọn. Mo ní kí ni mo kọ? Wọ́n ní kí n lọ bi Àkọ̀wé. Bàbá Kékeré, mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àkọ̀wé! Sódíìkì ló wá ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀yin ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Àkọ̀wé yẹn sọ́kàn o, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Kí àwọn ọmọdé tó ń kà á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyálé gbogbo ilé, papò dà, àga wọn ṣófo. Ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn ni obì ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ilé, òun náà ló sì ń da omi sẹ́sẹ̀ ìyàwó tuntun lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Nílé wa, a kì í wo ọjọ́ orí kí a tó mú ìyálé. Ọjọ́ tí obìnrin gba ẹnu ọ̀nà wọlé là ń wò. Bí ẹnì kan bá wọlé láàárọ̀ tí èkejì wọlé nírọ̀lẹ́, ti àárọ̀ ni ìyálé títí ayé. Màámi kéré lọ́jọ́ orí sí Màmá Kúdí, gbogbo wa la mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé nìkan ni wọ́n ní.

Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ìyàwó ilé sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti nọ́ńbà fóònù wọn. Ohun tó dára ni. Ẹ mú ìwé bàbá mi jáde, ìwé tí wọ́n fi ń kọ iye agbọ̀n obì tó lọ sókè Ọya, tí wọ́n sì ń kọ ọjọ́ ìgbéyàwó àti ìkómọ ilé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ń wò ó, ẹ ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àmì ìdánudúró pín ọjọ́ níbì kan, ẹ fi ìlà dábùú síbòmíràn, ẹ fi ìlà wíwọ́ sí ìkẹta. Nọ́ńbà fóònù kò sí òdo níwájú mọ́, ẹ sì pè mí pé kọ̀ǹpútà ń jí òdo yín. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo kọ máákírò kan fún yín, ìyẹn àṣẹ tí a kọ sínú ṣíìtì tó máa ń dá iṣẹ́ ṣe bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì. Mo pàṣẹ pé kí àpótí fóònù máa jẹ́ ọ̀rọ̀, kó má jẹ́ nọ́ńbà, kí òdo lè dúró. Mo pàṣẹ pé kí gbogbo ọjọ́ wọ aṣọ kan náà: ọjọ́, oṣù, ọdún. Ọ̀gá mi níbí ti yìn mí nítorí irú rẹ̀, orí mi sì ti wú. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ tò gẹẹrẹ, ẹ ṣàdúrà fún mi pé ọmọ àtàtà ni mí.

Níbẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo yín. Ìwé bàbá mi kọ ọ́ pé 8/2 ni Màámi wọlé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì. Ṣùgbọ́n èdè tí a fi ń kọ máákírò, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, oṣù ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ kà lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo ní kó sọ ohun tí ẹ tẹ̀ di ọjọ́, ó ka Màámi sí oṣù kẹjọ, ọjọ́ kejì. Ó wá fi aṣọ tí mo rán fún un wọ̀ ọ́ dáadáa: 02/08. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí kò ní gbà á gbọ́. Ti Màmá Kúdí jẹ́ 20/4 ọdún kan náà. Nítorí pé kò sí oṣù ogún, ẹ̀rọ yí padà, ó kà á bó ṣe yẹ, ogúnjọ́ oṣù kẹrin. Ó kà á re fún ẹnì kan, ó kà á dànù fún èkejì, kò sì pariwo. Ká ní gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́ ni, à bá tètè rí i. Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò dán an wò tó, ẹ̀bi mi ni.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Sódíìkì ní ẹ tẹ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ sì kà á sétí gbogbo ẹbí nípàdé. Ó ní Màámi dìde, wọ́n sì fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin dá wọn lóhùn pé kọ̀ǹpútà kò mojú ẹnikẹ́ni, àti pé ọmọ tí Màámi bí fúnra wọn ló ṣe é. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí ìyàwó yín dìde lọ jókòó sórí àga Ìyá Àgbà. Sódíìkì ní Màmá Kúdí kò fẹ́ dìde, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́. Títí Màámi fi ti ara wọn mọ́ yàrá, tí àwọn méjèèjì bá wà nídìí ààrò, ìyàwó yín ṣì ń pè wọ́n ní ìyálé mi. Tí èèyàn bá wọlé, á dákẹ́. Ẹ ti fi obìnrin yẹn sínú ìtìjú tí kò wá.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gba ìwé yín gbọ́. Á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbéyàwó kí ẹ̀gbọ́n yín tó gbé tiwọn. Bàbá mi tí mo mọ̀, ẹ ò ní dán an wò. Èyí tó dùn mí jù nìyí: oṣù kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n bí mi. Ẹ fi ìka kà á. Bó bá jẹ́ oṣù kejì ni Màámi wọlé, oyún mi pé pérépéré nílé ọkọ. Bó bá jẹ́ oṣù kẹjọ, wọ́n gbé mi wọlé nínú oyún nìyẹn, ikùn ti yọ. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ń bú ìyá mi, ó ń bú mi, àwọn àlejò ń kà á, ẹ̀yin sì ń gba àárín ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn kọjá lọ kírun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá Kékeré, ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń tẹ orí ọmọ.

Ẹ̀rọ lè ní òun kò mọ̀, torí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pọnmi lọ́jọ́ tí Màámi wọlé. Bàbá mi sọ ọ́ fún wa láìmọye ìgbà, ẹ̀yin náà á sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀yin, àbúrò ọkọ, lẹ lọ fa omi nínú kànga ẹ̀yìn ilé, tí ẹ gbé e fún Ìyá Àgbà kí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Ẹ sáré jù, omi dà, ìró Màámi tutù délẹ̀, ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń gbọ̀n títí wọ́n fi wọ yàrá. Oṣù kẹjọ ni ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ṣàgámù ni? Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, àfi kó sọ ọ́ ní tirẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màámi ti ń pè yín ní Apọnmi. Nígbà tí Màmá Kúdí wọlé lóṣù kẹrin, ó bá orúkọ yẹn lára yín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kí Màámi pè yín ní nǹkan míì rí, nínú ìjà tàbí nínú ẹ̀rín, àfi ní Jímọ̀ yẹn tí wọ́n sọ pé kí n lọ bi Àkọ̀wé.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáde nínú yàrá nítorí ìyàwó Sódíìkì tó ń bọ̀ láti Òde Rẹ́mọ. Wọ́n ní tí ẹlòmíràn bá ń da omi sẹ́sẹ̀ ìyàwó ọmọ àwọn, tí àwọn sì dúró sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sàn kí àwọn má rí i. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, ẹ̀rọ ló ṣe é. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí ẹ̀rọ.

Mo ti tún máákírò náà kọ. Mi ò jẹ́ kó dá méfò mọ́. Mo ní kó mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́, èkejì ní oṣù, ẹ̀kẹta ní ọdún, kó tó so wọ́n pọ̀. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Màámi ló wà lókè. Ó wà lọ́wọ́ mi níbí, ìṣẹ́jú kan ni mo lè fi fi í ránṣẹ́, mi ò sì ní fi í ránṣẹ́. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó kó ìwé tuntun jáde, ẹ ó ní kọ̀ǹpútà ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, á wá dà bíi pé ẹ̀rọ ló dá àga padà fún ìyá mi. Ẹ̀rọ kọ́ ló fún wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín fa ìwé yẹn ya kúrò lára ògiri. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá dé, ẹ lọ sẹ́yìn ilé, ẹ fa omi, ẹ gbé e wá lójú gbogbo èèyàn, kí ẹ sì gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́. Ẹ kò ní láti tọrọ àforíjì. Ẹ kò ní láti sọ nǹkan kan. Tí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára ọmọ ilé, torí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ọjọ́ tó wọlé kò ní ilé níbẹ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, Bàbá Kékeré, àdúrà yẹn kò ní eegun nínú. Á fún yín ní apá tó lè fa omi. Á jẹ́ kí ìyàwó Sódíìkì fi ẹsẹ̀ ire wọlé. Ẹ bá mi kí àwọn tó ń ṣa obì lábẹ́ ibòji, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bá mi kí Màmá Kúdí kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹ má bá mi kí Màámi. Ẹ kan ilẹ̀kùn wọn fúnra yín. Tí wọ́n bá bèèrè pé ta ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé Apọnmi ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíátù Àṣàkẹ́.