Nítorí Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ Wa

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Mùínátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá rẹ ń kọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ń kọ́, ṣé wọ́n ń sùn dáadáa? Mo ní kí n béèrè ni, torí Ameenat tèmi kì í sùn mọ́.

Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ fún ọ ní àmì-ẹ̀yẹ pé akọ̀wé tó mọṣẹ́ ni ọ́. Mo bá ọ yọ̀. Irú iṣẹ́ tí o ṣe fún mi, kò sí akọ̀wé tó ṣe é rí ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde.

O rántí ìgbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ń múra Ojúde Ọba? O ní kí kálukú kọ ọjọ́ ìbí, agboolé, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù. O tún ní ká kọ orúkọ ọmọ wa àti iléèwé wọn, pé ẹgbẹ́ fẹ́ ra ìwé fún wọn. Mo lọ́ra, o sì mọ ìdí ẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Imusin ni mo sá lọ kí Zakariyah ọkọ mi má baà pa mí. Ìwọ lo fi omi gbígbóná tẹ ojú mi tó wú lọ́jọ́ tí mo jáde nílé rẹ̀. Síbẹ̀ o fi mí rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ẹgbẹ́: "Hikmah, àbí o ti dín ọjọ́ orí kù ni? Ẹni tí kò purọ́ kì í fi nǹkan pamọ́ fẹ́gbẹ́." Ojú tì mí, mo kọ ọ́. Lo bá gbé gbogbo ẹ̀ sórí Facebook gbayawu, kí a lè mọ ẹni tó yọ́ wọ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ọjọ́ orí ẹ̀.

Orúkọ mi nìkan ni Zakariyah tẹ̀ sórí fóònù. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dé iléèwé Ameenat. Ọ̀gá wọn kò kọ́kọ́ gbà. Ó bi í ní orúkọ tuntun tí mo fi ọmọ sí iléèwé, nọ́ńbà mi, àti ilé tí a ń gbé. Zakariyah kà á bí ọmọ kéú tó há súrà sórí. Wọ́n sì fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún, Mùínátù, kí ọlọ́pàá tó bá mi gbà á padà. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ ẹ̀ báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí. Èmi tí mo bí i, àtẹ́wọ́ ni mo fi ń pè é wá jẹun.

O ránṣẹ́ pé o ti yọ ìwé náà kúrò. O ṣeun. Ẹyin tó ti fọ́ lo wá ń ṣa èèpo ẹ̀. O ní o kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Zakariyah náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tó bá lù mí tán.

Bá mi kí ìyá rẹ, wọn kò ṣẹ̀ mí. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo òkè lẹ́tà yìí, ò ń wá àdírẹ́sì. N kò gbàgbé. Ẹni tó mú un wá fún ọ kò mọ ilé mi, má yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ tí o bá tún mọ ibi tí mò ń gbé, ọjọ́ náà ni èmi àti ọmọ mi yóò tún kó kúrò níbẹ̀.

Èmi ni ẹni kẹtàdínlógún nínú ìwé rẹ,
Hikmah.